Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe Nígbà Tí Òròmọdìẹ Ń Ṣàìsàn Tí A Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Adìẹ kì í tètè fi àìsàn hàn. Ẹyẹ tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni, èyí tó bá sì fi hàn láàárín agbo pé ara òun kò le ni apẹran máa ń kọ́kọ́ gbé, ìdí nìyí tó fi máa ń pa àárẹ̀ mọ́ra títí agbára rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá rí òròmọdìẹ yín tó wú ìyẹ́ rẹ̀, tó di ojú, tí apá rẹ̀ já sílẹ̀, tí kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá síbi oúnjẹ mọ́, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí àkókò láti máa wò ó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, síbẹ̀ kò yẹ kí ìkánjú náà sọ wá di ẹni tó ń fi oògùn tó bá ti wà nítòsí gbìyànjú.

Oògùn tí a bù sínú omi kí a tó mọ ohun tó ń ṣe ẹyẹ ni ó ń fa ìpalára jù lọ. Bí oògùn náà kò bá bá àrùn náà mu, ọjọ́ tí à bá fi wá ojútùú ti lọ lásán. Bí ó bá sì ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó lè pa apá kan nínú kòkòrò àrùn náà débi pé àyẹ̀wò tí dókítà ẹranko bá ṣe lẹ́yìn náà kò ní rí ohunkóhun mọ́. Ìlànà tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé kí a kọ́kọ́ gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ òtútù àti òùngbẹ, kí a kó gbogbo ẹ̀rí jọ, kí a tó ronú kan oògùn.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, nítorí àrùn tó lè ràn, àti nítorí pé àwọn adìẹ máa ń ṣá èyí tí kò lágbára ní àgógó. Àpótí tó mọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tó fún un. Bí ààyè bá wà, ẹ gbé e síbi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí òròmọdìẹ tó bá dá nìkan wà máa ń ké títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí kì í yọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ dípò bébà dídán. Bébà dídán máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ là sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ lórí aṣọ funfun, kò sí ìgbẹ́ tí yóò bọ́ mọ́ yín lójú.

Ooru ló kàn. Òròmọdìẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ tán kò lè dá mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tó ń gbé gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 35°C, a ó sì máa dín in kù ní nǹkan bíi 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi hu ìyẹ́ tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Èyí tó ń ṣàìsàn nílò ju ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ sọ lọ, nítorí náà èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún pàápàá yẹ kó rí nǹkan bíi 30°C. Apá kan àpótí náà ni kí ẹ fi gílóòbù iná mú gbóná, kí apá kejì tutù díẹ̀, kí ẹyẹ náà lè yan èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó na apá rẹ̀ kúrò lára, ooru ti pọ̀ jù. Bó bá káwọ́ kẹ́sẹ̀ tó ń ké kíkankíkan lábẹ́ iná náà, òtútù ṣì ń mú un. Iná tí a gbé kọ́ sí òkè àpótí lè dá ìjàm̀bá sílẹ̀ bó bá já, nítorí náà ẹ fi okùn kejì dè é mọ́ ohun mìíràn tí kò lè gbiná.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti móoru ni kí ẹ fún un ní omi, kí oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Oúnjẹ kì í dà nínú ẹyẹ tí òtútù mú, ńṣe ni yóò dúró sí ọrùn rẹ̀ tí yóò sì kan. Ẹ ti ṣóńṣó àgógó rẹ̀ bọ omi lọ́wọ́ọ́rọ́, tàbí kí ẹ fi omi kán-ún-kán-ún sí ẹ̀gbẹ́ àgógó náà kí ó fúnra rẹ̀ lá a mì. Ẹ má ṣe fi sírínjì tì í sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ rárá. Ẹnu ọ̀nà èémí adìẹ wà ní ìdí ahọ́n gan-an, omi tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé yóò pa á kí àìsàn náà tó pa á. Bó bá ti ń mu omi dáadáa, ẹ po oúnjẹ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ omi díẹ̀ kí ó rọ̀, kí ẹ sì gbé e síwájú rẹ̀. Kì í ṣe àkókò yìí ni kí a máa dán oúnjẹ tuntun wò.

Wíwo ara rẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ dúró lókèèrè kí ẹ wo bó ṣe ń mí, nítorí pé ìpayà ọwọ́ ènìyàn nìkan tó láti yí èémí rẹ̀ padà. Ṣé ẹnu rẹ̀ là? Ṣé ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan? Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn híhan? Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fún àyà rẹ̀. Adìẹ kò ní iṣan tó pín àyà àti ikùn níyà bíi ti ènìyàn, egungun àyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sún síwá sẹ́yìn kí ó tó lè mí, ọwọ́ tó bá sì dì í mú pinpin yóò fún un pa.

Ojú rẹ̀ yẹ kó mọ́ kó sì là dáadáa, tí kò ní fóòmù kankan ní igun rẹ̀. Bí ẹ bá rí ogbe tàbí awọ ojú tó funfun ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù. Bó bá di aró, afẹ́fẹ́ kò dé ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ la ẹnu rẹ̀ kí ẹ wò bóyá ohun aláwọ̀ òféfèé wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan àpò tó wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, níbi tí oúnjẹ ti ń kọ́kọ́ dúró. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó tó jẹun, àpò yìí yẹ kó ṣófo. Bó bá le bí òkúta, nǹkan ti dí i. Bó bá ń dún gbàgùdù bí omi tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn kíkan, oúnjẹ ti ń bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà rẹ̀. Bí egungun náà bá mú bí ojú ọ̀bẹ tí kò sí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àìsàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ihò ìdí rẹ̀ tún nílò àkíyèsí tirẹ̀. Nínú òròmọdìẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́ lè gan mọ́ ibẹ̀ kó sì dí i pátápátá, ó sì lè pa á bí a kò bá yọ ọ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí a rì sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀, nítorí fífà á tu máa ń fa awọ ya. Ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì dá a padà sínú ooru. Àmọ́ kí ẹ rí i dájú pé ihò ìdí ni ẹ ń fọ̀ o, nítorí ìdodo òròmọdìẹ tuntun wà ní ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì máa ń ní èépá kékeré tí a kò gbọdọ̀ ṣí.

Ẹ ṣí abẹ́ apá àti àyíká ìdí wò fún iná, ìyẹn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé lára adìẹ. Kòkòrò pupa kéékèèké kan wà tí kì í gbé ara adìẹ lọ́sàn-án. Inú ihò pákó ni ó ń sápamọ́ sí, òru ni ó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mu ẹ̀jẹ̀ òròmọdìẹ dé ojú ikú nígbà tí olówó rẹ̀ kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ lójú ọjọ́. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú lọ sí ilé adìẹ náà lálẹ́, kí ẹ wo abẹ́ igi tí wọ́n ń bà lé.

Ní ìparí rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù, kí ẹ sì máa tún un wọ̀n ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ máa tẹ̀wọ̀n sí i; èyí tó bá dúró sójú kan tàbí tó ń fúyẹ́ ń ṣàìsàn, ìbáà jẹ́ pé ó ń sáré kiri. Nínú gbogbo ohun tí ẹnìkan lè ṣe nílé, mi ò mọ ohun tó máa ń tètè sọ òótọ́ tó òṣùwọ̀n.

Ìgbẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀

Ìgbẹ́ adìẹ tó dá ṣáṣá máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé, pẹ̀lú ohun funfun lórí rẹ̀ tó jẹ́ ti ìtọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó máa ń ya èyí tó ki, tó lẹ̀, tó dúdú díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì burú. Inú àpò méjì tó wà ní ìparí ìfun rẹ̀ ni èyí ti ń wá, kì í sì í ṣe àìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò rí i rí. Ìgbẹ́ tó tutù yọ̀ọ̀ bí ewé, tí kò sì sí oúnjẹ nínú rẹ̀, sábà máa ń fi hàn pé ẹyẹ náà kò jẹun, pé òróòro nìkan ló ń jáde, ṣùgbọ́n Newcastle, àrùn adìẹ kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, náà máa ń fa irú rẹ̀. Èyí tó funfun tó sì ṣàn bí omi ń tọ́ka sí kíndìnrín tàbí sí àrùn fáírọ́ọ̀sì bíi Gumboro.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ orí òròmọdìẹ náà lọ́wọ́ ara yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, coccidiosis ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ronú kàn. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eimeria, ló ń fà á. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò lè ran ẹnikẹ́ni títí yóò fi lo ọjọ́ kan tàbí méjì níbi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin. Nítorí náà ni àrùn yìí ṣe ń gbilẹ̀ ní àyíká ìkòkò omi tó ń dà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí òròmọdìẹ bá gbé e mì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìfun jẹ́, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan àìsàn ti dé. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Òmíràn kàn ń mú kí ẹyẹ rù, kí ó sì máa tòògbé. Ẹ̀kejì ni pé ẹyẹ lè kú kí ẹyin Eimeria tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìgbẹ́, nítorí náà àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí kò rí nǹkan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tíì dá a láre.

Èyí ni àrùn kan ṣoṣo tí mo gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kí èsì àyẹ̀wò tó dé, bí ọjọ́ orí àti ìgbẹ́ bá ti bára mu, nítorí pé ìdúró ọjọ́ méjì lè pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ mú ìgbẹ́ náà pamọ́ fún àyẹ̀wò. Amprolium ni oògùn tí wọ́n sábà ń lò nínú omi. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí vitamin B1 lò, nítorí èyí a kì í fún ẹyẹ ní àpòpọ̀ vitamin tó ní B1 lákòókò kan náà, àfi tí a bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún tú ohun tí ọwọ́ òsì dì. Ẹyẹ tí kò mu omi kò gba oògùn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa wo bó ṣe ń mu ún.

Ọjọ́ orí ṣì ní ohun púpọ̀ láti sọ. Èyí tó ń kú lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ nítorí òtútù, òùngbẹ, ìdí tó dí, tàbí ìdodo tí kòkòrò àrùn ti wọ̀, tí ẹ ó rí i tó wú tó sì ń rùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àrùn Marek ni ó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn yín bí ẹsẹ̀ bá rọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ tàbí tí ọrùn bá yí

József Marek, dókítà ẹranko ará Hungary, ni ó ṣàpèjúwe àrùn yìí ní 1907. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, inú eruku ìyẹ́ ni ó sì ń gbé. Àmì rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni kí ẹyẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú kí ó na èkejì sẹ́yìn tí kò sì lè dìde, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ tí oúnjẹ sì ṣì ń wù ú jẹ. Kò ní oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún òròmọdìẹ ní ọjọ́ tó yọ tàbí nínú ẹyin ni ìdáàbòbò rẹ̀, kì í sì í dènà kí fáírọ́ọ̀sì wọ ara, àìsàn àti kókó inú ara ni ó ń dènà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tó tà á fún yín ni bóyá wọ́n ti fún un.

Kí ẹ má tètè gba pé Marek ni, àmọ́ ṣá. Bí ìka ẹsẹ̀ méjèèjì bá ká wọ inú tí òròmọdìẹ náà sì ń fi orókún rìn, àìtó vitamin B2 ni ó jọ, bí a bá sì tètè fún un ní vitamin náà, ó máa ń bọ̀ sípò. Bó bá gbé ojú sókè tí ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn, ó lè jẹ́ àìtó B1. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó ń ṣubú, ó lè jẹ́ àìtó vitamin E. Ẹsẹ̀ tó là sọ́tùn-ún sósì nínú òròmọdìẹ ọjọ́ mélòó kan sábà máa ń jẹ́ ti ilẹ̀ tó ń yọ̀, a sì lè fi báńdéèjì rírọ̀ so ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra ní ìwọ̀n ààyè tó yẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Nítorí pé àwọn wọ̀nyí ṣeé wò sàn, ó tọ́ kí a fún ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ní vitamin kí a tó sọ ìrètí nù, àfi bó bá wà lórí amprolium.

Mímí tó nira

Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ gbé imú yín dé ibi tí orí òròmọdìẹ wà, kí ẹ sì fa èémí. Bí òórùn ìtọ̀ bá ta yín nímú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ammonia láti inú ìgbẹ́ ti ń jó ojú àti ọ̀nà ọ̀fun wọn, kò sì sí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ bí a kò bá kó ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ dànù. Èérún igi tàbí koríko tó ti bu náà máa ń gbin olú kéékèèké sínú ẹ̀dọ̀fóró òròmọdìẹ, èyí tó máa ń jẹ́ kí ó la ẹnu mí láìsí ariwo kankan. Fóòmù lójú, sísín àti híhan ń tọ́ka sí Mycoplasma, bakitéríà kan tó lè ti inú ẹyin bá a wá. Ojú tó wú pẹ̀lú òórùn burúkú láti imú jọ coryza, àrùn imú tí bakitéríà ń fà. Oògùn agbógunti-bakitéríà lè ran àwọn méjì ìkẹyìn yìí lọ́wọ́, kò sì lè ṣe nǹkan kan fún olú tàbí fún fáírọ́ọ̀sì, èyí tó tún fi ìdí ìlànà wa múlẹ̀ pé kí a mọ̀ kí a tó lò.

Ẹ ronú nípa ohun tó yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pẹ̀lú: ẹyẹ tuntun tó wọlé, oúnjẹ tó ti hu, oògùn kòkòrò tí a fín. Èéfín páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù, máa ń pa ẹyẹ tó wà nítòsí ní kíákíá. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin náà kò yẹ òròmọdìẹ, nítorí pé kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin èyí tí òròmọdìẹ nílò, ó sì máa ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ilé lọ

Bí ẹyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, tí orí wọn wú, tí ogbe wọn di aró, tàbí tí ọrùn wọn lọ́ pọ̀, ó lè jẹ́ àrùn Newcastle tàbí ọ̀fìnkìn adìẹ tó le (bird flu). Ẹ má ṣe gbé ẹyẹ kankan kúrò níbẹ̀, ẹ má ṣe pa wọ́n jẹ, ẹ má ṣe la òkú wọn, kí ẹ sì pe àwọn aláṣẹ ètò ìlera ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ló pa á láṣẹ.

Fún èyí tó kù, dókítà ẹranko yóò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa bí ẹ bá gbé ohun tó yẹ lọ bá a: ìgbẹ́ tuntun nínú ọ̀rá tí a dì tí a sì fi sí ibi tútù, fídíò bó ṣe ń rìn tàbí bó ṣe ń mí, àkọsílẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀, àkọlé tó wà lára àpò tí wọ́n fi ta oúnjẹ rẹ̀, àti orúkọ gbogbo oògùn tó ti mu. Bí ó bá kú, mo mọ̀ pé ọkàn máa ń gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tètè sin ín. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ẹ fi sínú fìríìjì tí kò sí oúnjẹ ènìyàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò òkú lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi sínú fìrísà, nítorí yìnyín máa ń fọ́ àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tí ó yẹ kí wọ́n wò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àyẹ̀wò yìí nìkan ni yóò sọ orúkọ àrùn náà, òun náà ni yóò sì gba àwọn tó ṣẹ́kù là.

Ẹ má fún òròmọdìẹ ní oògùn ènìyàn tó ṣẹ́kù sílé. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni a fi ń ṣírò oògùn, díẹ̀ tó lé lè pa á. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ó jẹ ẹyin rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí oògùn náà fi ń wà nínú ẹyin.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn tó dá ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú, kí ẹ fi èyí tó ń ṣàìsàn ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá pàápàá lè ní Salmonella, bakitéríà tó ń mú ènìyàn ṣàìsàn, nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláìlera kò gbọdọ̀ gbá a mọ́ra tàbí fi ẹnu kàn án, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ní ti ilé àwọn yòókù, ẹ kó ohun tútù tó wà nílẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ táútáú, nítorí pé ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn ẹyin Eimeria, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ó dàgbà.

Bí dókítà bá sọ pé kò sí ìwòsàn, tí ẹyẹ náà kò lè dìde jẹun mọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fòpin sí ìrora rẹ̀. Èyí tó bá sì gbádùn, kí ẹ má dá a padà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tún ké. Ẹ dúró títí ìgbẹ́ rẹ̀ yóò fi dára fún ọjọ́ mélòó kan tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú àgò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n máa rí ara wọn láìlè ṣá ara wọn, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un.